Epo Yìí Ti Kú

Ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún ni mo fa okùn mówà yẹn, ẹ̀rọ ìgékoríko mi, kó tó já mọ́ mi lọ́wọ́. Kì í ṣe èmi ni mo kà á. Àwọn ọmọ àdúgbò ló gun orí fẹ́ǹsì, tí wọ́n ń bá mi kà á sókè bí ẹni ń ka owó àjọ. Nígbà tí okùn já, tí mo fìdí balẹ̀ sínú koríko, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Àárọ̀ Sátidé ni, ní Ìbàdàn, òjò ti rọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, koríko iwájú ilé sì ti ń bá orúnkún dọ́gba. Ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan, ó padà wọlé. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Àdá wà lẹ́yìn ilé.

Àbúrò mi tó ń gbé London ló fi mówà náà ránṣẹ́ sí mi nínú kọ̀ǹténà, ó fi há àárín mátírẹ́ẹ̀sì méjì. Tòkunbọ̀ ni. Òun náà ti lò ó gbó díẹ̀ kó tó ra òmíràn. Inú mi dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá ti fi àdá ṣán koríko nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á mọ ìdí rẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ Ẹtì, kálukú á gbé àdá tirẹ̀ wá láti ilé, tíṣà á fi ẹsẹ̀ wọn pọ́ṣọ̀n fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá pẹ́ dé ni yóò gba ibi tí ẹ̀kan pọ̀ sí. Ẹ̀yìn á máa ro wá títí di ọjọ́ Ajé. Nígbà tí èmi náà di tíṣà, mo fi ẹsẹ̀ mi wọn pọ́ṣọ̀n fún ọmọ ọlọ́mọ, n kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí mo di ẹni tó ń ti mówà káàkiri iwájú ilé ara rẹ̀, ṣe ni mo ń wo ara mi bí olóyè.

Ó ṣiṣẹ́ fún mi ní ọdún àkọ́kọ́. Ọdún kejì ló kọ̀.

Ọkùnrin tí mo lọ pè, jẹnẹrétọ̀ ló ń tún ṣe ní ìkóríta wa. Ọ̀gá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, Tíṣà lòun ń pè mí. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù ní agbègbè wa pé mówà lòun ń tún ṣe, ìyẹn ni mo ṣe gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ, mo sì kọ́kọ́ ń tọrọ àforíjì pé bóyá kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. “Ẹ́ńjìnnì ni ẹ́ńjìnnì, Tíṣà. Tàwọn tibí ń yí iná, tiyín ń yí abẹ.”

Kò mú sípánà kankan dání. Ó ṣí ìdérí táńkì, ó ki imú bọ ibẹ̀, ó fà á símú bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀ tó fura sí. Ó gbójú sókè.

“Epo yìí ti kú.”

Mo ní báwo ni epo ṣe ń kú. Epo wà nínú táńkì dé ìdajì, n kò da omi sí i, ilé epo tó dára ni mo ti rà á.

“Ìgbà wo lẹ rà á?”

Mo ronú. Ìparí oṣù November ni mo gé koríko kẹ́yìn, nígbà tí ọyẹ́ ń bọ̀. April ti fẹ́ parí lọ́jọ́ tí à ń sọ yìí. Ọ̀gá kò dá mi lóhùn. Ó da díẹ̀ nínú epo mi sínú ìdérí ìgò, ó da ti inú kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ sínú òmíràn, ó gbé méjèèjì sí mi lábẹ́ imú. Tirẹ̀ ń ta ènìyàn nímú, ó ń gún ojú. Tèmi ń rùn bí ọ̀dà tó ti pẹ́ nínú agolo, àwọ̀ rẹ̀ sì ti pọ́n bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí.

Epo bẹntiróò kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo, àdàlù ni. Èyí tó fúyẹ́ jù nínú rẹ̀ ni iná ń tètè ràn mọ́, òun náà ló sì ń kọ́kọ́ fò lọ bí a bá gbé e sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì kéékèèké máa ń kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé kí a má fi epo sílẹ̀ nínú táńkì ju bí 30 ọjọ́ lọ. Èyí tó bá ṣẹ́kù á bá atẹ́gùn pàdé, á máa ki, á di nǹkan tó ń lẹ̀ bí oje igi, oje yìí á sì lọ dí ibi tó ha jù ní gbogbo ara ẹ̀rọ náà. Gbogbo ìgbà tí mówà mi fi wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé, tí mo fi tapólì bò ó bí ọmọ tuntun, tí mo sì ń yin ara mi pé mo mọ nǹkan tọ́jú, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ nìyẹn. Mo ti rò pé iṣẹ́ ló ń pa ẹ̀rọ. Tèmi, ìsinmi ló pa á.

Ọ̀gá kò gbára lé imú nìkan ṣá. Ohun mẹ́ta ló máa ń bi ẹ́ńjìnnì tó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́: ṣé ó ń rí epo mu, ṣé iná rẹ̀ ń tàn, ṣé ó ń mí. Láti mọ̀ bóyá iná ń tàn, ó tú púlọ́ọ̀gì, tó ń taná sí epo, jáde, ó tún fi í sẹ́nu wáyà rẹ̀, ó fi irin ara púlọ́ọ̀gì náà kan ara ẹ́ńjìnnì, ó ní kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ fa okùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ so. Iná kékeré kan ta pàù, ó ní àwọ̀ bíi ti gáàsì ìdáná. Láti mọ̀ bóyá ó ń mí, ó fi àtàǹpàkò dí ihò tí púlọ́ọ̀gì ti jáde, ọmọ náà tún fà á, atẹ́gùn inú rẹ̀ sì ti àtàǹpàkò náà kúrò pẹ̀lú ariwo. Bí kò bá tì í, ó ní, a jẹ́ pé ríìngì tàbí fáfù ti lọ, owó ńlá sì ni. Lẹ́yìn èyí ló ro epo tuntun bí ẹ̀kún ìdérí ìgò kan sínú ihò náà, ó dá púlọ́ọ̀gì padà. Ọmọ náà fà á. Mówà ké pá-pá-pá, ó kú. Ọ̀gá mi orí bí babaláwo tí odù tó ń retí ti yọ. “Kábúrétọ̀ ni.”

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí, nítorí pé púlọ́ọ̀gì ni gbogbo wa máa ń fẹ̀sùn kàn. Èmi alára ti ra púlọ́ọ̀gì tuntun kí n tó lọ pe Ọ̀gá. Nǹkan tó ṣeé yọ lọ́wọ́ kan, tó ṣeé rà lọ́jà, tí kò wọ́n, òun lọkàn ẹni máa ń lọ bá. Ọ̀gá ní nínú jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n bá gbé dé ọ̀dọ̀ òun, àwọn tó ni ín ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì wọn ná, wọ́n á sì tún gbé púlọ́ọ̀gì àtijọ́ náà dání wá bí ẹlẹ́rìí.

Kábúrétọ̀ mówà, ibi tí epo ti ń pò mọ́ atẹ́gùn kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, kò tóbi ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Bóòtì kan ló di abọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú. Ọ̀gá tú u, abọ́ náà sì já bọ́ sí i lọ́wọ́ pẹ̀lú epo pípọ́n àti iyẹ̀pẹ̀ funfun kan tó dà bí iyọ̀. Fùlóòtì wà nínú rẹ̀, nǹkan fífúyẹ́ tó ń léfòó lórí epo: bí epo bá kún, á gbé abẹ́rẹ́ kékeré kan lọ dí ojú ọ̀nà, bí epo bá lọ sílẹ̀, á ṣí i. Ẹni tó bá ti rí táńkì omi orí ilé mọ iṣẹ́ rẹ̀. Láàárín abọ́ náà ni jẹ́ẹ̀tì wà, ìdẹ wẹ́wẹ́ tí wọ́n lu ihò sí láàárín. Ọ̀gá gbé e sókè sí oòrùn, ó fojú kan wò ó, ó gbé e fún mi. N kò rí ìmọ́lẹ̀ kankan. Ó mú wáyà iná àtijọ́ kan, ó yọ fọ́nrán bàbà ẹyọ kan ṣoṣo lára rẹ̀, ó fi ń gún ihò náà jẹ́jẹ́, ó ń fẹ́ ẹ, ó ń tún gún un. Mo ní ṣé kí n bá wọn wá abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Ojú tó fi wò mí! Ìdẹ rọ̀, irin abẹ́rẹ́ á fẹ ihò rẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa mu epo bí ọ̀mùtí títí ayé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó tún gbé e sójú oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ yọ, ó kéré, ó rí rogodo, bí ìràwọ̀ kan.

Ó fọ ìyókù, ó dè é padà, ó da epo tuntun sí i. Fífà kejì, mówà dáhùn. Àwọn ọmọ orí fẹ́ǹsì ti lọ sílé, kò sẹ́ni tó rí i.

Epo òkú tó wà nínú táńkì ńkọ́? Mo fẹ́ dà á nù, Ọ̀gá gbà á lọ́wọ́ mi. Nǹkan tí a ń rà kò tó 200 náírà ní lítà kan rí, tí Ààrẹ kéde ní ọjọ́ 29 oṣù May 2023 pé owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ti lọ, tó di bí 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, tó sì kọjá 1,000 lọ́pọ̀ ibi kí 2024 tó parí, ta ni yóò dà á sílẹ̀? Ó fi ń fọ ẹ̀gbin ara ẹ́ńjìnnì. Ọ̀wọ́n yìí gan-an sì wà nínú ohun tó ń ba ẹ̀rọ jẹ́, nítorí pé ẹni tó bá ní epo tó ṣẹ́kù kò ní jẹ́ kó ṣòfò. Á máa tọ́jú rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì títí yóò fi kú. Ká má tíì sọ ti epo tó bàjẹ́ kó tó dé ilé epo rárá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, nígbà tí epo tí mẹtanọ́ọ̀lù, kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pò mọ́ epo, pọ̀ nínú rẹ̀ ju bó ti yẹ wọ orílẹ̀-èdè yìí, tí ìlà ọkọ̀ sì gùn kọjá ohun tí ojú lè rí, Ọ̀gá ní ìgbà yẹn lòun kọ́ láti máa gbóòórùn epo kóun tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ó wu èmi náà kí n mọ ọ̀nà rẹ̀, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Díẹ̀ nínú ohun tí mo kọ́, ìyà ló kọ́ mi. Mo dojú mówà dé láti nu abẹ rẹ̀, mo sì fi ẹ̀gbẹ́ tí kábúrétọ̀ wà kanlẹ̀. Ọ́ìlì ṣàn wọ inú fíltà, nígbà tí mo sì tan án, èéfín funfun bo àdúgbò débi pé àwọn kan rò pé ilé wa ń jó. Kábúrétọ̀ ló yẹ kó kọjú sókè. Kí n tó fọwọ́ kan abẹ pàápàá, ó yẹ kí n ti já wáyà kúrò lórí púlọ́ọ̀gì, nítorí pé bí ọwọ́ bá yí abẹ, ẹ́ńjìnnì lè rò pé wọ́n fa okùn. Ìka kan lára ọwọ́ òsì Ọ̀gá kúrú ju bó ṣe yẹ lọ. N kò bi í rí.

Abẹ gan-an ló yà mí lẹ́nu jù. Mo ti rò pé bí sísọ́ọ̀sì ló ṣe ń gé koríko. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ti àkọ́kọ́ rí lóòótọ́. Edwin Budding, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ní Gloucestershire, ló gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìgékoríko àkọ́kọ́ ní 1830, ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ló sì ti rí i kọ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan níbẹ̀ tó ń fá irun orí aṣọ òwú àgùntàn kó lè jọ̀lọ̀, ó wá rò ó pé ohun tó fá aṣọ lè fá ilẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé òru ló máa ń jáde lọ dán an wò kí aládùúgbò má baà rí i kí wọ́n pè é ní wèrè. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi dáadáa, torí kò sí ọmọ lórí fẹ́ǹsì lóru. Ṣùgbọ́n mówà ẹlẹ́ńjìnnì bíi tèmi kì í gé, ó ń ṣán ni, bí àdá gan-an, àfi pé ó ń ṣán án ní bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Bí abẹ bá kú, kò ní ṣán koríko mọ́, á kàn máa já a, orí koríko á sì funfun lọ́jọ́ kejì bí ẹni pé eṣú jẹ ẹ́. Ọ̀gá kọ́ mi láti fi fáìlì pọ́n ọn, kí n wá fi ihò àárín rẹ̀ kọ́ ìṣó ara ògiri. Ẹ̀gbẹ́ tó bá tẹ̀ sílẹ̀ ló wúwo, òun ni kí n tún fá. Abẹ tí kò dọ́gba á máa gbọn gbogbo ẹ́ńjìnnì títí bóòtì á fi tú.

Ohun tó ń tì mí lójú ló kàn yìí. Kùkùté gúáfà kan wà ní igun ọgbà, mo ti gbàgbé rẹ̀, mo sì ti mówà lé e lórí. Ó dún gbàá, ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Mo fà á, okùn já ara rẹ̀ gbà padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ mi níka. Mo tún fà á, iná yọ lẹ́nu sàlẹ́ńsà. Kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta tí ọmọṣẹ́ Ọ̀gá pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ojú oníbàárà mẹ́rin tàbí márùn-ún ni mo sì ti sọ ọ́: “Ọ̀gá, ọmọ yín ti ba mówà mi jẹ́.”

“Kí lẹ gbá, Tíṣà?”

“N kò gbá nǹkan kan.”

Ó ṣí ìdérí òkè, ó tú nọ́ọ̀tì, ó fi òòlù kan fùláíwíìlì, irin róbótó tó ń yí lórí ẹ́ńjìnnì, lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e kúrò. Ó fi ìṣó wú irin pẹlẹbẹ kan jáde láàárín, kò gùn tó ìka ọmọdé. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pè é. Ó ti gé, ìdajì rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mágínẹ́ẹ̀tì wà lára fùláíwíìlì, ìgbà tó bá ń kọjá níwájú kọ́ìlì ni púlọ́ọ̀gì ń taná. Kọ́kọ́rọ́ yìí ló ń mú kí iná náà ta lásìkò. Bó bá gé, iná á ta nígbà tí pístìn kò tíì ṣe tán. Wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó rọ̀ ni: bí abẹ bá gbá òkúta tàbí kùkùté, òun ni yóò kú dípò kíráńkì, ọ̀pá tó ń yí abẹ, tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wò ó, Ọ̀gá, ọmọ náà, èmi. Àwọn oníbàárà náà ń wò ó. Ọ̀gá kò bi mí léèkejì. Ó ní kí ọmọ náà sáré lọ sí Gate, nínú Ìbàdàn níbí, lọ wá kọ́kọ́rọ́, ọmọ náà sì gba owó lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní “Ẹ ṣé, sà.” Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ní kọ̀rọ̀. Gbangba ni mo ti fẹ̀sùn kàn án. Mo mọ̀.

Ọmọ náà kò rí kọ́kọ́rọ́ ní Gate. Ó mú àfọ́kù alúmíníọ̀mù kan, ó ń fi fáìlì fá a, ó ń fi wé èyí tó gé, ó ń tún fá a, títí ó fi wọlé wẹ́kú. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi irin líle ṣe é kó má baà gé mọ́. Kò gbójú sókè.

“Tí ẹ bá tún gbá kùkùté ńkọ́, sà?”

Ọmọ yẹn ti gba fíríìdọ́ọ̀mù báyìí. Òun ni ọmọṣẹ́ tó kẹ́yìn tí Ọ̀gá ní. Sólà ti ń wọ àdúgbò wa, díẹ̀díẹ̀, ilé kan lẹ́yìn òmíràn, àwọn jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I-better-pass-my-neighbour sì ti ń dákẹ́. Ohun tó kù tó ń wọlé sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ẹ̀rọ ìṣánko tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń gbé kọ́ èjìká káàkiri. Inú epo ni ọ́ìlì àwọn yẹn ń gbé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe wọ́n ní 20 mílílítà ọ́ìlì sí lítà epo kan, ṣùgbọ́n ojú ni àwọn ọmọ wọ̀nyí fi ń wọ̀n ọ́n, ẹni tó bá sì gbàgbé ọ́ìlì lọ́jọ́ kan, pístìn rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ inú. Ọ̀gá ń tún un ṣe. Kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ariwo rẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ nínú.

Láti ìgbà náà, bí November bá ti ń parí, mo máa ń ti páìpù epo, màá jẹ́ kí mówà ṣiṣẹ́ títí yóò fi mu èyí tó wà nínú kábúrétọ̀ tán, tí yóò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, tí yóò dákẹ́ fúnra rẹ̀. Màá da ti inú táńkì sínú jẹnẹrétọ̀ lóru ọjọ́ náà. Màá yọ ọ́ìlì dúdú, màá da SAE 30 tuntun sí i.

Ní April tó kọjá, àbúrò mi pè mí lórí WhatsApp. Mówà tuntun tó rà kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Òtútù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tán lọ́dọ̀ wọn, ọgbà rẹ̀ ti kún, ó sì ti ra púlọ́ọ̀gì. Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá ni mo wà. Mo gbé fóònù sí i lójú, àbúrò mi kí i, ó fa okùn níwájú wa kí Ọ̀gá lè gbọ́. Ọ̀gá tẹ etí sílẹ̀.

“Bi í pé ìgbà wo ló ra epo inú rẹ̀.”

Oṣù October ni. Àbúrò mi tún ní láti September 2021 ni wọ́n ti ń fi ẹ́tánọ́ọ̀lù dé ìdá mẹ́wàá nínú epo ìlú Gẹ̀ẹ́sì, pé ẹ́tánọ́ọ̀lù yìí máa ń fa omi inú atẹ́gùn mọ́ra, òun ti kà á níbì kan.

“Ó ti kú,” ni Ọ̀gá wí. “Kó dà á jáde. Kó tú abọ́ ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀. Fọ́nrán wáyà ni kó fi gún un, kó má lo abẹ́rẹ́ o.”

Àbúrò mi dúpẹ́, ó ní Ọlọ́run á máa lọ́wọ́ sí iṣẹ́ wọn, pé ọgọ́rin pọ́n-ùn ni ẹni tó ń bá òun tún un ṣe lọ́hùn-ún ń gbà kó tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá ní kí ó tún iye yẹn sọ. Ó tún un sọ. Ọ̀gá wojú mi, ó wo fóònù, ó mú àkísà tó fi ń nu ọwọ́ tẹ́lẹ̀, ó ń nu ọwọ́ tó ti mọ́.

“Tíṣà, èló nìyẹn ní náírà?”